Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ń lọ sílẹ̀, sólà dé: kí lojú yín rí níbẹ̀?

Kọ́ìlì_Mushin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọwọ́ yín ti yí padà nítorí sólà, tàbí nítorí òfin tuntun tí wọ́n ní ó máa dá ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún yín. Ti ìwé ìròyìn kọ́ ni mò ń béèrè, ohun tí ojú yín rí ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Mushin. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá mi gbàdúrà lé mi lórí, ìyá mi se ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, mo lè tún mẹ́jọ ṣe lóòjọ́: kàbúrétọ̀ tó dí, pulọ́ọ̀gì tó ti jó, okùn tó já, kọ́ìlì tí mo máa tú wé. Owó kékeré kékeré ni, àmọ́ kì í dá. Òun ló rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé.

Ní 29 oṣù karùn-ún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí á tó ṣẹ́jú, epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ti di 488 l'Ékòó. Lóṣù keje ó di 568. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá 2024, ó ti kọjá 1,000. Ẹni tó ń tan jẹẹ́nì lálaalẹ́ wá ń tan án lọ́jọ́ Àìkú nìkan, kó lè lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ tí wọn ò tàn kì í bàjẹ́, èyí tí kò bàjẹ́ kò sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo ní kí n lọ kọ́ sólà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní kí n mú WAEC wá. Mi ò ní in. Ọmọ tó tò lẹ́yìn mi mú tirẹ̀ jáde, wọ́n gbà á wọlé. Òun kan náà ló ti bi mí lórí ìlà pé èwo ni pósítíìfù lára bátìrì. Mo padà sílé.

Lékeléke
WAEC fún ẹni tó ti wé kọ́ìlì fún ọdún mẹ́tàdínlógún! Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

ÌyáSólà_Abẹ́òkúta
Ọ̀gá Mushin, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra. Èmi ní WAEC, mo tún ní OND, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kí n ṣe é.

Wọ́n pè mí síbi iṣẹ́ kan lọ́dún tó kọjá. Mo dé pẹ̀lú àkàbà àti ọmọ iṣẹ́ mi ọkùnrin tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Baálé ilé bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní "Ẹ káàbọ̀, ẹnjiníà." Ó yíjú sí mi, ó ní kí n lọ bá ìyàwó òun ní kíṣìnnì. Ojú ti ọmọ náà, ó ń wolẹ̀. Mo ní, "Sà, èmi ni ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù." Ó ní kò sí obìnrin tó máa gun òrùlé òun, pé èèwọ̀ ni. Mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀, ó gbà kí n wo inú ilé.

Ẹ̀yin ará, wáyà tí ẹni tó ṣe é ṣáájú fà láti bátìrì sí ínfátà tín-ín-rín bí okùn bàtà, ara rẹ̀ ti ń yọ́. Inú yàrá tí ọmọ mẹ́rin ń sùn sí ni bátìrì náà wà. Mo pa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo pààrọ̀ wáyà. Nígbà tó máa sanwó, ó yọ nǹkan kúrò nínú iye tí a jọ sọ, ó ní ọmọ mi ló gun òrùlé, èmi kọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni mo ti sunkún délé.

Lékeléke
Ó yọ nínú owó ẹni tó gba ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ iná?

Tọ́ọ̀lù_Ògúnpa
Mò ń ta wáyà n'Íbàdàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń kà á lóye ohun tí àǹtí yìí sọ. Bátìrì 12 fólítì ló ń gbé iná tó pọ̀ jù gba inú wáyà. Ínfátà tó ń gbé 1,000 wáàtì máa fa ohun tó lé ní 80 áḿpù lára bátìrì bẹ́ẹ̀. Ẹ wá lọ fi wáyà gílóòbù sí i! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi pé àwọn fẹ́ èyí tó rọjú. Mo máa ń bi wọ́n pé ilé ta ni.

Bàbá_Ìlọrin
Mo kí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ n sọ bí àgbà. Ẹni yẹn ò ṣe dáadáa nípa owó, owó alágbàṣe kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ti òrùlé yẹn, nílẹ̀ wa níbí, a ò mọ obìnrin mọ́ ọn. Aṣọ wo lẹ wọ̀ gùn ún, ìyá?

ÌyáSólà_Abẹ́òkúta
Ẹ ṣé, bàbá. Ṣòkòtò jíǹsì ni mò ń wọ̀, mo sì máa ń so bẹ́líìtì ààbò mọ́ra. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi wo àwọn obìnrin tó ń ru bulọ́ọ̀kù àti kọnkéré gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn míì pọn ọmọ. Ta ló sọ fún wọn pé èèwọ̀ ni? Ìgbà tí owó gidi wọ inú òrùlé gígun ni ó di èèwọ̀.

Kọ́ìlì_Mushin
Háà. Àǹtí, ẹ ti sọ ọ́ tán.

Bàbá_Ìlọrin
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Mo gbà. Àwọn tó ń ru bulọ́ọ̀kù wà ní ẹ̀yìnkùlé mi níbí báyìí, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ sólà yìí fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe jìbìtì? Mo ra tèmi, ọdún méjì kò pé, bátìrì ti kú. Oòrùn Ìlọrin sì gbóná tó láti din ẹyin.

Tọ́ọ̀lù_Ògúnpa
Bàbá, páńẹ́lì ò nílò ooru, ìmọ́lẹ̀ ló nílò. Bí ara rẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí i ni iná tó ń mú wá ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, a máa ń fi àlàfo sílẹ̀ kí atẹ́gùn gba abẹ́ rẹ̀.

Bàbá_Ìlọrin
Oòrùn ni wọ́n ń pè é, o ní kò nílò ooru.

Tọ́ọ̀lù_Ògúnpa
Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ tún nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Alápò_Ọ̀jọ́ta
Ọ̀rọ̀ bátìrì tó kú tí bàbá sọ ló mú mi sọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń sọ bátìrì tó ń wọlé. Ta ló ń bi pé níbo ló ń lọ?

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra pàǹtí káàkiri pẹ̀lú bárò. Bátìrì tó kú lówó lórí ju ike lọ, torí òjé inú rẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí á máa fi àáké là á, kí á da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà kó lè fúyẹ́. Ásíìdì ni omi yẹn. Ọwọ́ òsì mi ṣì lápàá títí dòní. Àwa ò ní ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yìn gọ́tà yẹn làwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òjé kì í kúrò nínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀, bó bá sì wọ inú ọmọdé, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá jà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nígbà náà.

Ní 2025, ìròyìn gbé e jáde nípa Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì láti kó o lọ sókè òkun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò wò, wọ́n bá òjé nínú rẹ̀. Mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo ọwọ́ mi. Bí sólà yín bá máa mọ́, kó mọ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa náà.

ÌyáSólà_Abẹ́òkúta
Ẹ dárí jì mí. Mo ti ta bátìrì tó kú fún onípàǹtí tó ń kọjá rí, mi ò béèrè ibi tó ń gbé e lọ.

Lékeléke
Èmi náà. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìyá_Olóúnjẹ_Kétu
Ẹ má bínú, tèmi ò kan sólà. Ní oṣù kìíní 2024 ni ìjọba Èkó kéde pé àwọn ti fòfin de pákì fóòmù funfun tí à ń bu oúnjẹ sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra báàlì mẹ́fà sílẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó ń dí gọ́tà, ojúdẹ̀ mi gan-an máa ń kún tí òjò bá ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ike tí mo fi rọ́pò rẹ̀ wọ́n jù ú lọ fíìfíì, oníbàárà ò sì fẹ́ kí n fi owó lé ìrẹsì. Inú èrè mi ló ti jáde.

Kọ́ìlì_Mushin
Ìyá, ẹ ò ṣe padà sí ewé?

Ìyá_Olóúnjẹ_Kétu
Mo ti padà sí i! Ọ̀fadà àti mọ́ínmọ́ín mi, ewé ni. Obìnrin tó ń já a wá láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú sọ fún mi pé òun ti gba ẹni méjì kún ọwọ́ òun. Àmọ́ ẹ ò lè fi ewé di ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ.

Lékeléke
Kó mú kúlà rẹ̀ wá láti ilé. Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Tọ́ọ̀lù_Ògúnpa
Ta ló ń gbé kúlà lọ síbi iṣẹ́ lóde òní?

Lékeléke
Èmi. Ó sì gbóná di ọ̀sán.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Nottingham
Mò ń kà á láti òkè òkun. Ní tòsí mi níbí, ilé iṣẹ́ Ratcliffe tó ń fi èédú mú iná wá parí iṣẹ́ ní 30 oṣù kẹsàn-án 2024. Òun ló kẹ́yìn ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2015 ni ìjọba ti sọ pé àwọn máa fi èédú sílẹ̀. Ọkùnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní wọ́n jókòó ti àwọn, wọ́n béèrè iṣẹ́ tí kálukú fẹ́ kọ́, àwọn kan lọ síbòmíì nínú ilé iṣẹ́ kan náà. Ó ṣì dùn ún, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Àmọ́ kò jí lówùúrọ̀ kan kó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Kọ́ìlì_Mushin
Ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan lórí pèpéle ni tiwa.

Bàbá_Ìlọrin
Ẹ má fi wá wé wọn. Èédú ni wọ́n fi kọ́ ìlú wọn. Àwa ò tíì rí iná tí à ń fi sílẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Nottingham
Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ní kí á ṣe bíi tiwọn. Bí wọ́n ṣe bi òṣìṣẹ́ léèrè ni mò ń sọ. Kò náni lówó púpọ̀ láti béèrè.

Tọ́ọ̀lù_Ògúnpa
Iná Nẹ́pà ni ọ̀pọ̀ ń sá fún báyìí. Ní oṣù kẹrin 2024, yúníìtì kan di 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Àwọn onílé ìtajà tó wà lọ́dọ̀ mi ló kọ́kọ́ sá lọ sí sólà. Iṣẹ́ wà, ọ̀gá Mushin, ó pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò tó.

ÌyáSólà_Abẹ́òkúta
Ìyẹn ló mú mi padà wá. Ọ̀gá Mushin, ẹ mọ kọ́ìlì wé. Mo ní ínfátà mẹ́rin oníráńsífọ́mà tó ti jó, kò sí ẹni tó lè tún wọn wé lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá, ẹ tún wọn ṣe, èmi á kọ́ yín ní páńẹ́lì àti bí a ṣe ń ṣírò iye iná tí ilé kan ń lò. Mi ò béèrè WAEC.

Lékeléke
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ máa sanwó o. Kó má lọ di ọmọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún.

ÌyáSólà_Abẹ́òkúta
Màá san owó kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbà á ní Mushin, màá sì fi owó ọkọ̀ kún un. Ọjọ́ tó bá bá mi gun òrùlé, a jọ pín in.

Kọ́ìlì_Mushin
Mo dúpẹ́, ọ̀gá mi. Ọjọ́ Ajé ni mò ń bọ̀. Ṣé kí n mú wáyà kọ́ìlì mi dání? Nọ́ńbà 18 àti 21 ló wà nílẹ̀.

ÌyáSólà_Abẹ́òkúta
Ẹ mú méjèèjì wá.

Bàbá_Ìlọrin
Bátìrì tèmi ńkọ́? Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 9 fólítì ló wí.

Tọ́ọ̀lù_Ògúnpa
Bí ẹ bá cháàjì rẹ̀ tí kò gbéra kúrò níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, sà.

Alápò_Ọ̀jọ́ta
Bàbá, ẹ má tà á fún ọmọ tó ń ti bárò kọjá. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín, kó mú un padà síbi tó ti rà á.

Bàbá_Ìlọrin
Ẹni tó tà á ti pa fóònù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbí. Mo ti lé àwọn ọmọ-ọmọ mi kúrò nídìí rẹ̀.