Ìdáhùn: "Òǹwòran lásán" àti "fíìmù àìlórúkọ"

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo kí yín láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá síwájú wa kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù lè máa lò ó: "òǹwòran lásán" fún ẹni tó kàn ń wò ó, tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti máa dá a lẹ́jọ́, "fíìmù àìlórúkọ" fún èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, àti "ìpín" fún ẹyọ kan nínú eré tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àbúrò wa kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti dáhùn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀.

Mo mọ ibi tí ẹ ti mú "lásán" wá. Omi lásán kì í ṣe èébú fún omi, ọjọ́ lásán kì í sì í ṣe èébú fún ọjọ́. Àmọ́ ẹ gbé e lé èèyàn lórí kí ẹ wò ó. Ẹ pe ẹnì kan ní "èèyàn lásán" lọ́jà Kétu níbí, kí ẹ wá dúró gba èsì. Ẹni tó ra dátà, tó jókòó wákàtí méjì, tó sì ní ohun tó fẹ́ sọ, ẹ ti bù ú kù kó tó lanu.

Kí la tilẹ̀ fẹ́ fi "lásán" ṣe? A ti ní lámèyítọ́ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìdájọ́ lítíréṣọ̀ àti eré. Ẹni tí kì í bá ṣe lámèyítọ́, awòran ni, ó tán. (Ẹ ṣọ́ ohùn o, mi ò pe àwòrán.) Kétu la wà, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Lóru Ẹ̀fẹ̀, tí olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde, ta ló ń bi awòran léèrè ìwé ẹ̀rí? Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n máa kùn, etí Ẹ̀fẹ̀ sì ń gbọ́ wọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa wò ó bí wọ́n ti ń gún aṣọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń sunkún ọkọ rẹ̀ nínú fíìmù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Ẹkún àlùbọ́sà nìyẹn," ó sì padà sídìí máṣíìnì. Mo ti ka ojú ewé mẹ́rin tí lámèyítọ́ kọ rí tí kò sọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ní kí n pe ọmọ yẹn ní òǹwòran lásán?

Ibi tí ìjà wà gan-an ni "àìlórúkọ". Lójú tèmi, fíìmù àìlórúkọ ni èyí tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, bí ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Èyí tí à ń wí yìí lórúkọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ti Àjàṣẹ́. Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún 1925, wà lára àwọn tó ṣe fíìmù Afrique-sur-Seine lọ́dún 1955, òun pẹ̀lú Mamadou Sarr. Paris ni wọ́n ti yà á, nítorí òfin Faransé kan ti ọdún 1934 ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn kọ́kọ́ gbàṣẹ. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn sinimá Áfíríkà ò ní fo fíìmù yìí. Ẹ wá béèrè rẹ̀ lọ́jà Ouando, ní Àjàṣẹ́ kan náà, kí ẹ wo iye ẹni tí yóò ní òun ti wò ó. Ṣé àìlórúkọ wá nìyẹn?

Mo fi han ọmọ ẹlẹ́kún àlùbọ́sà yẹn lórí fóònù. Ìṣẹ́jú 21 péré ni. Nígbà tó tán, ó ní: "Wọ́n kàn ń rò fún wa ṣáá ni, àwọn tí à ń wò ò sọ nǹkan. Ṣé rédíò ni?" Ẹ̀rín pa mí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí àwọn àgbà rí lára rédíò nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó wá fi kún un pé ẹni tó rán kóòtù àwọn ọkùnrin yẹn mọṣẹ́.

Kí ni kí á wá pè é? Àwọn àgbà ní igba ojú ló mọ ẹni tí à ń pè ní gbajúmọ̀. Bí a bá gba ìtúmọ̀ yẹn, kí ló dé tí a ò lè dín ojú kù? Fíìmù tó jẹ́ ogún ojú péré ló mọ̀ ọ́n, ogúnjúmọ̀ ni. Fíìmù ogúnjúmọ̀! Ó rọrùn lẹ́nu, kò sì bú ẹni tó ṣe é.

Mo mọ ohun tí ẹ ó wí. Ohùn kan náà ni ogún yìí àti ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ. Mo sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí, wọ́n ní ṣé fíìmù tí wọ́n ti ń jà sógún ni, èyí tí ẹbí ti ń du ilẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, torí kò sí fíìmù tó gbajúmọ̀ tó irú ìyẹn. Mo gbìyànjú ọgbọ̀n wò: "ọgbọ̀njúmọ̀". Létí ẹni tí kò fara balẹ̀, ọgbọ́n ló ń gbọ́, bí ẹni pé à ń yin fíìmù náà. Mo padà sí ogún. Ẹni tó bá rí iye mìíràn tí kò lẹ́jọ́, kó mú un wá.

Ní ti "ìpín", n ò bá a jà, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. "Apá" ti níṣẹ́ lọ́wọ́: apá kìíní, apá kejì ti sinimá àgbéléwò. Àwọn tó lọ ilé ìwé níbí ń wí "ẹpisọ́ọ̀dù" bíi ti Faransé. Màmá mi ò fún un lórúkọ kankan: "tàná", "tọ̀sẹ̀ tó kọjá". Bó bá sì ti pẹ́, wọ́n á ní "èyí tí ìyàwó ti gbé ọbẹ̀ dà nù". Nọ́ńbà ò sí lọ́rọ̀ wọn rárá, síbẹ̀ gbogbo ilé mọ èyí tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni àwọn ìyá tiyín ní Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe ń pè é?

Àbúrò yín ní Kétu.

(Bí ẹ bá rí ɛ tàbí ɔ níbì kan, ẹ foríjì mí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ Yorùbá ní Benin níbí nìyẹn, ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé.)