Ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń gbé lọ fún ìwádìí HIV, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn HIV, àwọn tó mọ̀ mí níbí mọ̀, mo sì wà nínú kọmití àwa aláìsàn ní kílíníìkì wa, àwa ni wọ́n máa ń pè tí àwọn olùwádìí bá fẹ́ wá gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan, kẹ́yin náà sọ tiyín.

Àwọn kan wá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ viral load wa wò tán, ìyẹn iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn fẹ́ máa kó o, àwọn fẹ́ ka jíìnì kòkòrò tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó fi ń da ara ẹ̀ kọ, wọn ò ní tún gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n gbé mínírà wá, fọ́ọ̀mù ti wà nílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, ohun tí wọ́n kàn ń retí ni pé ká ní ó dáa, ká máa lọ. Ìyá kan nínú wa tí kì í sábà sọ̀rọ̀ bá ní, "Dókítà, tẹ́ ẹ bá ka tèmi, tẹ́ ẹ tún ka ti bàálé mi, ṣé ẹ ò ní mọ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì?" Ọ̀kan nínú wọn ní màmá ẹ má bẹ̀rù, kò sórúkọ lára ìgò ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà ni. Màmá ní ìyẹn kọ́ lòun bi wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí gbogbo àwa obìnrin tó wà níbẹ̀ la mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì, torí oyún, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀, òun náà làwọn ẹbí ọkọ á ní ó gbé e wọlé. Ẹ wá ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá tún gbọ́ pé ìwé kan wà ní láàbù tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in.

Inú mi dùn pé wọ́n gbọ́. Wọ́n kó fọ́ọ̀mù yẹn padà, nígbà tí wọ́n sì máa fi dé, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní fi ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya wéra, àwọn ò ní dárúkọ àdúgbò nínú ìwé táwọn bá gbé jáde, wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí ọlọ́pàá tàbí lọ́yà bá wá béèrè nǹkan, wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá yí ọkàn padà lè ní kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ òun nù. Wọ́n tún fẹ́ kó lára ẹ̀jẹ̀ náà lọ sókè òkun, ìyẹn la ṣì ń fà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìgbà tí wọ́n ti tẹ fọ́ọ̀mù tán ni wọ́n tó rántí wa. Ìbéèrè màmá yẹn, ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó kọ̀wé tọrọ owó ìwádìí rárá.

Bọ̀dá Láàbù

Màmá yẹn bi wọ́n níbi tó yẹ kó bi wọ́n gan-an. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bí HIV ṣe ń pọ̀ sí i lára èèyàn, àṣìṣe ló ń ṣe lọ, kì í da ara ẹ̀ kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé tí kòkòrò ara ẹni méjì bá jọra gan-an, a mọ̀ pé orísun wọn ò jìnnà síra. A máa ń yà á bí igi ìdílé. Àmọ́ igi yẹn ò lè búra pé ọkọ ló kó o ran ìyàwó. Ó lè jẹ́ ìyàwó ló fún ọkọ, ó lè jẹ́ ẹnì kẹta tí kò sí nínú ìwádìí náà rárá ló kó o ran àwọn méjèèjì. Àwọn ọ̀nà tuntun wà tó ń gbìyànjú láti sọ apá ibi tó ti wá, ó wúlò tí èèyàn bá pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ku ẹni méjì péré, ó lè ṣìnà, ó sì lè tú ilé ká.

Ìmọ̀ yìí kan náà lè gba èèyàn sílẹ̀ o. Ní Libya, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kó HIV ní ọsibítù kan ní Benghazi, wọ́n mú nọ́ọ̀sì 5 tó jẹ́ ará Bulgaria àti dókítà ará Palestine kan, wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n dájọ́ ikú fún wọn ní 2004. Ní December 2006 àwọn onímọ̀ ka kòkòrò tó wà lára àwọn ọmọ yẹn, wọ́n rí i pé ó ti ń ràn ní ọsibítù náà kí àwọn àjòjì yẹn tó dé ní March 1998. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ tún dá wọn lẹ́bi nínú oṣù yẹn kan náà, July 2007 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Irú kòkòrò tó wà lára àwọn ọmọ yẹn, CRF02_AG, òun ló pọ̀ jù ní West Africa wa níbí. Èyí tí wọ́n sì ń lò bí àpẹẹrẹ ẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, IbNG lorúkọ ẹ̀, Ib yẹn Ìbàdàn ni, NG Nàìjíríà. Gbogbo láàbù ayé ló ń fi tiwọn wé e, àwa náà ń ṣe é. Mo máa ń ro ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, àti bóyá ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀.

Àánúolúwapọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, tí n ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́, ṣé wọn ò ní dá oògùn mi dúró? Ẹ̀rù ń bà mí ni mo ṣe máa ń fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀.

Bọ̀dá Láàbù

Rárá o, ẹ̀gbọ́n/àbúrò mi. Ìlànà ìwádìí ìlera tí NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ethics ìwádìí ìlera, gbé jáde ní 2007 ní ẹni tó bá wù ló máa wọ ìwádìí, ìgbà tó bá sì wù ú ló lè jáde, ìtọ́jú ẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà. Òfin HIV ti 2014 náà ò gbà kí wọ́n tú àṣírí yín. Ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sun kọmití ethics ọsibítù yẹn, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò rẹ́ èèyàn jẹ.

Ọmọ Àkúrẹ́, Texas

Tibí yìí, wọn kì í tilẹ̀ bi yín. Tí wọ́n bá rí HIV lára yín, dókítà á ní kí wọ́n ka jíìnì kòkòrò náà láti mọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́ fún yín, ó dáa, mo fara mọ́ ìyẹn. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èsì yẹn ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n á fi wé ti ẹlòmíì láti mọ ibi tí kòkòrò ti ń yára ràn. CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀ ní 2018. Èmi mọ̀ nígbà tí obìnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ń béèrè àwọn tí mo ti bá sùn. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò lọ kílíníìkì fúngbà díẹ̀, ẹ rántí pé ìwé ìgbélùú mi ò tíì pé nígbà yẹn, àwa Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì wa sì kéré, tí wọ́n bá ti pe ẹnì kan tẹ̀ lé mi, gbogbo wọn ti mọ̀ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 30 ló ní òfin tí wọ́n lè fi fa ẹni tó ní HIV lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn tó ní HIV fúnra wọn ló pariwo ẹ̀, Positive Women's Network, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ní HIV, wà lára wọn, títí PACHA, ìgbìmọ̀ tó ń gba ààrẹ nímọ̀ràn, fi sọ ní October 2022 pé kí CDC tún un ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè dá a dúró níbi tó bá ti léwu, kí wọ́n sì bá wa jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Kí wọ́n tó jókòó yẹn, ọdún mélòó ni wọ́n ti ń ka kòkòrò ara wa!

Olú, akẹ́kọ̀ọ́ ìlera

Mo lọ kọ́ṣẹ́ ní Uganda, apá Rakai, létí Lake Victoria. Nǹkan bí 40 nínú 100 àgbàlagbà láwọn abúlé apẹja níbẹ̀ ló ní HIV, àwọn ará òkè, ìyẹn àwọn tó ń gbé jìnnà sí omi, sì ti sọ ọ́ di orin pé àwọn apẹja ló ń kó o wá bá àwọn. Nígbà tí wọ́n ka kòkòrò náà, ìwé jáde ní 2020, ó jẹ́ pé èyí tó ń ti òkè wọ abúlé apẹja ló pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Apẹja kan sọ fún mi pé ká ní èsì yẹn gba ọ̀nà kejì lọ ni, ta ni ì bá ra ẹja lọ́wọ́ àwọn? N ò rí èsì kankan fún un. Àtìgbà yẹn, tí mo bá rí map nínú ìwé ìwádìí, mo máa ń wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ abúlé sí i.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọdé ò rántí ìwádìí tenofovir, oògùn HIV kan. Wọ́n ń dán an wò bóyá ó lè dènà HIV, ní Cambodia, Cameroon àti Ìbàdàn wa níbí. Ní Cambodia àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ lò fún un bi wọ́n pé ta ló máa tọ́jú àwọn tí nǹkan bá ṣe àwọn, ìjọba dá a dúró ní 2004. Cameroon tẹ̀ lé e ní 2005, Ìbàdàn náà ní 2005, wọ́n ní iṣẹ́ ibẹ̀ ò tẹ̀ lé ìlànà. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́ o! Ní 2012 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí tenofovir wà nínú ẹ̀ fún ìdènà. Mo lọ ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà, ìbínú inú yàrá yẹn kì í ṣe sí oògùn, torí pé ẹnikẹ́ni ò bi wá ni.

Ìyá Aláṣọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sókè òkun yẹn, ẹ bá mi bi wọ́n lọ́jọ́ ìpàdé: tí owó ìwádìí bá tán, ta ló máa ni ìgò yẹn, ṣé wọ́n sì máa padà wá bi yín kí wọ́n tó lò ó fún nǹkan mìíràn? Kí wọ́n kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i.