Awò VR ni ká gbà, àbí ká gbé fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí?

Tíṣà_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ìwé girama kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìtàn wa ń lọ bá àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ Rélùwéè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti kó nǹkan jọ: fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n yà ní kọ́tásì, káàdì iṣẹ́ tí aáyán ti jẹ létí, àti ohùn tí wọ́n gbà sórí fóònù. Bàbá kan fi ẹnu súfèé bí ọkọ̀ elédùú ṣe ń súfèé tó bá ń wọ Ìddó. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ò ní yàrá tá a máa kó wọn sí. Òbí kan wá ní òun máa ra awò VR méjì fún wa, èyí tí wọ́n ń gbé wọ ojú, téèyàn á máa rí ara ẹ̀ bíi pé inú ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́ ló wà. Ọ̀gá wa ti ń wá ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ òbí náà sí. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹni tó bá jókòó di irun níbẹ̀, ilẹ̀ lè ṣú bá a, kò sì síbi tó ń lọ. Ṣé ẹnì kankan ti rí i kí wọ́n gbé mùsíọ́mù lọ sí irú ibẹ̀ yẹn rí, àbí èrò mi ti gbòdì?

Ọmọ_Oníkàn
Àǹtí, ẹ gba awò yẹn kíá! Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ sí John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá ní Oníkàn, níbi tí Dókítà Randle kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní 1928. Fídíò ń tàn lára ògiri, ohùn ń dún, wọ́n sì fi Yorùbá ṣe àlàyé. Ẹ tún wo Digital Benin lórí íntánẹ́ẹ̀tì: láti 2022 ni wọ́n ti to ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Benin tó lé ní 5,000 síbẹ̀, láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí wo ló lè ṣe ìyẹn?

Màmá_Láfíàjì
Tíṣà, èrò yín ò gbòdì rárá. Mo ti mú ọmọ ilé ìwé yí inú mùsíọ́mù ká títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí awò yẹn ń ṣe. Níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n rà á. Ẹnì kan á gbé e sójú, gbogbo kíláàsì á tò sẹ́yìn ẹ̀ lórí ìdúró. Kó tó kan ẹni kẹta, òógùn ti rin ín. Òòyì á kọ́ àwọn míì. Nígbà tó yá, bátìrì ò gba iná mọ́, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́tò Ọ̀gágun Murtala Muhammed ńkọ́, èyí tí wọ́n yìnbọn pa á sí ní 1976, tó wà ní mùsíọ́mù Oníkàn? Àwọn ọmọ á kàn sún mọ́ ọn, wọ́n á máa ka ihò ọta.

Ọmọ_Oníkàn, mi ò bá ọ jiyàn lórí ti Benin. Àwọn ère yẹn ti fọ́n káàkiri ayé láti 1897, kọ̀ǹpútà ló lè tò wọ́n sójú kan báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá tí tíṣà ń sọ yìí, Àpápá Road ni wọ́n ń gbé!

Wọ́n sì ti gbé mùsíọ́mù lọ bá èèyàn níbi tí wọ́n wà rí, ó sì dáa. Rijksmuseum, mùsíọ́mù ńlá ti Netherlands, ti gbé àwòrán lọ sí pápákọ̀ òfurufú Schiphol láti 2002, torí ẹni tó ń dúró de bàálù náà ò síbi tó ń lọ. Èyí tó wù mí jù ni ti SFMOMA, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ní San Francisco. Ní 2017, wọ́n ní kéèyàn fi tẹ́ẹ̀sì béèrè ohun tó bá fẹ́ rí, ìbáà jẹ́ òkun, àwòrán òkun kan á sì wọlé sórí fóònù ẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì lásán o! Nílé níbí, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ló di Freedom Park ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n sọ di pèpéle eré. Lagos Biennial àkọ́kọ́, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, ní 2017, inú ṣẹ́ẹ̀dì ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ládùúgbò yín gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ ti mú àwọn ọmọ dé Jaekel House nínú ọgbà Rélùwéè? Ilé 1898 ni, nǹkan Rélùwéè ló wà níbẹ̀.

Ẹ má gbé ojúlówó fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù o. Ooru, oòrùn, sípíréè irun, gbogbo ẹ̀ á bà á jẹ́. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ẹbí, ẹ tẹ ẹ̀dà ẹ̀ ní ńlá, kẹ́ ẹ lẹ àmì QR sábẹ́ ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi fóònù yà, tó máa gbé èèyàn lọ síbi ohùn. (Ilé iṣẹ́ ẹ̀yà mọ́tò ní Japan ló gbé QR jáde ní 1994, ọ̀rọ̀ mùsíọ́mù ò sí lọ́kàn wọn.) Kí ohùn náà má gùn, dátà ti wọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Onídìrí
Mo ń dirun ní Yábàá, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Màmá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá di orí ẹ̀ mú, ta ló fẹ́ dìde lọ ya QR? Tí mo bá ń di ìpàkọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Etí ẹ̀ nìkan ló ráyè. Ẹ kó ohùn yẹn sórí káàdì kékeré, kẹ́ ẹ ra spíkà fún onídìrí náà. Kó má tàn án nígbà tí dráyà bá ń ṣiṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan. Fọ́tò ní tiẹ̀, ẹgbẹ́ dígí ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni kọ́sítọ́mà ń kọjú sí. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa o, ògiri ẹ̀ ni.

Tíṣà_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta
Ẹ ṣé gan-an, màmá, àti ẹ̀yin Ìyá Ìbejì. Mo ti lọ bá onídìrí ẹ̀yìn ilé ìwé wa. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní fọ́tò ìyá òun tó ń ta ọ̀lẹ̀ ní téṣàn Ìddó ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Òbí wa náà ti gbà kí owó awò di owó spíkà àti fọ́tò títẹ̀. Ọ̀gá nìkan ló ṣì ń kùn. Ọmọ_Oníkàn, tó o bá mọ̀ ọ́n ṣe, wá bá wa to ohùn náà sí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ti ń béèrè. Ta ló mọ ẹni tó ń tẹ fọ́tò ńlá ní Ṣómólú tí kò ní jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ pọ́n jù?