Kí ni mo lè kọ sí ibi tí mi ò fẹ́ kí Bash ṣe ohunkóhun?

Ìbéèrè, láti Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Mo ń kọ kóòdù Bash, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá kọ fún kọ̀ǹpútà, fún ìyá mi tó ń ta àdìrẹ, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè máa ṣe ẹ̀dà àwòrán aṣọ sínú dísíìkì mìíràn lálaalẹ́. Bí àwòrán kan bá ti wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí kóòdù fọwọ́ kàn án rárá. Mo kọ àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `#` sáàárín `then` àti `else`, ṣùgbọ́n Bash kọ̀ jálẹ̀, ó ní `syntax error near unexpected token`. Kí ni kí n kọ, tí ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ iwájú yóò fi mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni?

Láti Ìbarà: Àbúrò mi, Bash kì í ka àlàyé sí àṣẹ, ó sì ń retí àṣẹ kan, ó kéré tán, láàárín `then` àti `else`. Kólọ́ọ̀nù, `:`, ni o ń wá. Kò ṣe ohunkóhun, 0 tó jẹ́ àmì àṣeyọrí ló sì máa ń dá padà. Ó ti pẹ́: nínú shell (irú ètò agbàṣẹ tí Bash jẹ́) tí Ken Thompson kọ fún Unix ní 1971, òun ni wọ́n fi ń sàmì ibi tí `goto` yóò fò lọ.

Láti Ọbàntòkò: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbarà sọ, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá kọ lẹ́yìn `:`, nítorí shell yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ `: > iye.txt`, fáìlì náà yóò ṣófo pátápátá, bí ẹ bá kọ `: $(rm iye.txt)`, ó ti lọ nìyẹn. Àwa tí a ń kọ Yorùbá ló yẹ kó tún kíyè sí i jù, nítorí pé bí ẹ bá kọ `: ó ti wà l'ọ́jà`, àmì tó wà lẹ́yìn `l` yóò ṣí àyọlò kan tí kò ní òpin, àwọn ìlà tó tẹ̀lé e yóò sì kó sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `: # ó ti wà l'ọ́jà`. Àlàfo tó wà ṣáájú `#` ṣe pàtàkì, torí pé bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, shell yóò máa wá àṣẹ tó ń jẹ́ `:#`.

Láti Aṣerò: Ẹ̀ka òfìfo náà kò tilẹ̀ pọn dandan. `if [ ! -f "$ibi" ]; then`, tó túmọ̀ sí “bí fáìlì náà kò bá sí níbẹ̀”, yóò jẹ́ kí ẹ kọ ìgbà tí iṣẹ́ wà láti ṣe nìkan.

Láti Ìtòkú: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti Aṣerò ni mo máa lò. Bí mo bá wá fẹ́ kọ ọ́ ní Python, èdè kóòdù mìíràn, ńkọ́?

Láti Ìbarà: `pass` ni, àlàyé nìkan kò tó níbẹ̀ náà. Mo bẹ̀ ọ́, má fi `pass` sábẹ́ `except:` (ibi tí Python ti ń bójú tó àṣìṣe) tí kò dárúkọ àṣìṣe kankan, nítorí gbogbo àṣìṣe ni yóò gbé mì, títí kan orúkọ tí o ṣì kọ, kódà Ctrl-C tí o fi fẹ́ dá a dúró. Kọ `except FileNotFoundError:`, tàbí kí o lo `contextlib.suppress(FileNotFoundError)`, tó ti wà láti Python 3.4. Nígbà náà, bí dísíìkì bá kún, kóòdù yóò dúró, yóò sì sọ ìdí rẹ̀, kí màmá tó pàdánù àwòrán kankan.