Ṣé igi yíyan ni kí n fi ṣe ara gìtá oníná ní Ìlọrin níbí?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Tánkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àga, bẹ́ẹ̀dì àti ìlẹ̀kùn ni mò ń ṣe, àmọ́ ìjọ kan ní Òmù-Àrán ti ní kí n bá àwọn gbẹ́ ara gìtá oníná méjì. Ọrùn rẹ̀, rírà ni wọ́n máa rà á. Wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ wá fi hàn mí. Pákó méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe ara rẹ̀, ọ̀dà orí rẹ̀ sì ti sán gbọọrọ láti ìdí dé ọrùn, níbi tí pákó méjèèjì ti pàdé gan-an. Téèyàn bá fi èékánná wọ́ ọ, á kọ́ èékánná. Wọ́n ní inú ọyẹ́ ló máa ń là, tí òjò bá dé, á tún padé.

Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tó ń ṣe gìtá lókè òkun ń lo igi tí wọ́n ti fi ooru yan títí ó fi dú díẹ̀, tí ọ̀rinrin ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ṣe mọ́. Ẹnìkan ń ta pákó tí wọ́n tú lára páálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, àmì HT wà lára rẹ̀, ó ní wọ́n ti yan án nìyẹn. Ṣé òun náà ni? Tí kì í bá ṣe òun, ṣé mo lè yan igi afárá fúnra mi nínú ààrò búrẹ́dì? Mi ò fẹ́ gba owó ìjọ kí n wá gbé ohun tó máa là fún wọn.

Baba Alápákó

Àbúrò, má ra pákó páálẹ́ẹ̀tì yẹn fún iṣẹ́ yìí. Nítorí ẹrù tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíì ni wọ́n ṣe ń lu HT sí i lára. Ohun tó ń sọ ni pé àárín igi náà gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ó parí síbẹ̀. Bó ṣe ń mu omi tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń mu ún. Tó o bá rí èyí tí wọ́n kọ MB sí lára, má tiẹ̀ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù rárá. Oògùn olóró ni wọ́n fi pa kòkòrò tirẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹ̀kọ́ nípa igi ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Igi yíyan gidi, ooru rẹ̀ máa ń wà láàárín 160 sí 230°C, nínú àgbá ńlá tí wọn ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀. Ooru omi híhó ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde kí igi má baà gbaná. Àwọn ará Finland ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá láàárín ọdún 1990 sí 2000, ìpele méjì sì ni tiwọn, 190°C àti 212°C. Èròjà kan wà nínú igi tí wọ́n ń pè ní hemicellulose, òun ló ń fa omi mọ́ra jù. Ooru yẹn ló ń tú u ká. Lẹ́yìn náà, omi tí igi ọ̀hún máa fà látinú afẹ́fẹ́ kò ju bí ìdajì èyí tí irú rẹ̀ tí wọn ò yan máa fà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé pákó sínú ààrò búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn pákó á ti di èédú kí àárín tó gbóná, ó sì lè gbaná nínú ilé iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ sì mọ̀ pé igi yíyan máa ń tètè ṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti skrúù wọ inú rẹ̀ láì kọ́kọ́ fi dírílù lu ihò, á là. Gọ́ọ̀mù funfun kì í tètè wọ inú rẹ̀, ẹ ní láti dè é mọ́ra pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi nǹkan bo imú tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha á, eruku rẹ̀ kúnná púpọ̀.

Onígìtá Ọ̀fà

Bọ̀dá, gìtá ni mò ń tún ṣe níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Òjò nìkan kọ́ ló ń ba gìtá wa jẹ́. Bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí láti òjò sí ọyẹ́ ni. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní 80% fún ìgbà pípẹ́, omi inú igi lásán máa sún mọ́ 16%. Tó bá já wálẹ̀ sí 30%, omi náà á já sí bíi 6%. Ìbú igi ló ń wú, tó sì ń sún kì, òró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá. Ìdí nìyẹn tí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ fi là gbọọrọ bẹ́ẹ̀.

Tí owó bá wà fún igi yíyan, ọrùn ni kí ìjọ ná an lé, wọ́n ń ta ọrùn tí wọ́n fi igi maple yíyan ṣe. Ara gìtá nípọn, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, òun náà sì ni wáyà ń fà tọ̀sán tòru. Nínú ọyẹ́, pákó ojú ọrùn á sún kì, irin fíréètì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, ò ní sún kì ní tiẹ̀. Etí fíréètì á yọ síta, á máa ha ọwọ́ ọmọ tó ń ta á.

Fún ara rẹ̀, afárá tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn tó tán. Afárá ni ilé iṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958, korina ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Igi ilẹ̀ wa ni, kò wúwo jù, ó sì rọ̀ lábẹ́ irinṣẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kó gbẹ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Tánkẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ tó? Mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi.

Baba Alápákó

Gé ègé kékeré láti àárín pákó, má gé e ní ìkangun, ìkangun máa ń tètè gbẹ. Wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, kọ ọ́ sílẹ̀. Gbé e sínú ààrò gáàsì ilé ní nǹkan bíi 103°C, kó o máa yọ ọ́ wọ̀n títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní yí mọ́. Yọ ìwọ̀n ìkẹyìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́, fi ìwọ̀n ìkẹyìn pín ohun tó ṣẹ́kù, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Tó bá wà láàárín 10 sí 12, gbẹ́ ẹ.

Onígìtá Ọ̀fà

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kùn ún, ẹ má fi sílà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn tó ń dí ojú igi, sí iwájú nìkan. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, inú kòtò tí píkọ́ọ̀pù tó ń gbé ohùn wáyà máa wọ̀, àpò tí ọrùn máa wọ̀, títí kan inú ihò skrúù. Ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ni ọ̀rinrin máa gbà wọlé, ìkangun igi ló sì ń mu ún jù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Tánkẹ́

Mo ti wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 131 kó tó wọ ààrò, 109 ló jáde. Ó jẹ́ bíi 20%.

Baba Alápákó

Ó ṣì tutù. Là á ní ìnípọn tó o máa lò, kó o fi àfikún díẹ̀ sí i. Tò ó sínú ṣọ́ọ̀bù, fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, fi ọ̀dà kun ìkangun méjèèjì, má sá a sóòrùn. Má lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá mú gidi, torí igi á ti gbẹ jù nígbà yẹn, á sì wú tí òjò bá dé. Jẹ́ kí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ná, wọn ègé mìíràn, kó o tó lẹ̀ ẹ́. Pe ìjọ náà báyìí, kí wọ́n má máa retí rẹ̀ fún Kérésì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Tánkẹ́

Mo ti pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní àwọn á dúró di Àjíǹde. Mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ ọrùn yíyan fún olórí ẹgbẹ́ akọrin, ó ní òun máa bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́.