Ilé bàbá wa ní Woolwich: ṣé ká lù ú ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àdùkẹ́ SE18
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Bàbá wa fi ilé oníyàrá mẹ́ta sílẹ̀ fún wa ní Woolwich, ní London níbí. Probate, ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ogún, ti jáde, orúkọ èmi àti bùọ̀dá mi tó wà n'Íbàdàn ló wà níbẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò. Mo gbé bàsíà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Dádì, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ da omi rẹ̀ nù. Ẹni méjì ti fẹ́ rà á. Ẹni tí báńkì rán wá yẹ̀ ẹ́ wò gbójú sókè wo àjà, báńkì sì ní àwọn ò yá wọn lówó. Oṣù mẹ́sàn-án rèé. Éjẹ́ǹtì ní ká gbé e sí gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun á kọ £300,000 síta. Bùọ̀dá mi fárígá: "Gbàǹjo kẹ̀! Ta ni Bàbá jẹ ní gbèsè?" Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Peckham
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ẹ fi bùọ̀dá yín lọ́kàn balẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Irú ilé tí báńkì ò fẹ́ fọwọ́ kàn yẹn gan-an ni àwọn tó ní owó lọ́wọ́ ń wá kiri níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi éjẹ́ǹtì yín pé gbàǹjo wo? Ti àtijọ́, bí wọ́n bá ti lu ilé mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, àdéhùn ti múlẹ̀: á san ìdá kan nínú mẹ́wàá, á sì sábà ní ọjọ́ 28 láti san ìyókù. Bó bá yẹhùn, owó tó ti san gbé. Èyí tí wọ́n ń pè ní modern method, reservation fee, owó tí wọ́n fi ń mú ilé dání, ló máa san, á wá ní ọjọ́ 28 kó tó fọwọ́ sí àdéhùn, àti 28 mìíràn kó tó parí rẹ̀. Kọ́bọ̀ nínú fee yẹn ò wọ àpò yín, ẹni tó ń rà á á sì ti yọ ọ́ nínú iye tó máa dá. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa bá mi ta fúláàtì mi. Ẹni tó kọ́kọ́ mú un sá lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkodò.

Ṣadé_Òfin
Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e síta kí legal pack, àkójọ ìwé ilé, tó pé: ìwé Land Registry tó fi ẹni tó ni ilé hàn, searches, ìyẹn ìwádìí nípa ilé, àti fọ́ọ̀mù TA6 tí ẹni tó ń tà á fi ń ṣàlàyé ilé. Olówó tí ò bá rí ìwé, ẹ̀rù á bà á, á dá owó kékeré. £300,000 tí wọ́n kọ yẹn, ìpè ọjà lásán ni. Reserve ni kí ẹ dì mú, torí wọn ò lè ta ilé yín sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ lókè iye tí wọ́n kọ, nítorí náà £330,000 ni òpin rẹ̀. Kí ẹ sì sọ̀rọ̀ òrùlé náà jáde. Ẹ má kùn ún lọ́dà o.

Àdùkẹ́ SE18
Ẹ ṣeun, Olúwa á ṣe tiyín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bùọ̀dá mi lórí fóònù, ó dákẹ́ títí, ó ní, "Ti àtijọ́ ni ká ṣe. £325,000, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jùyẹn lọ." Mo ti sọ fún éjẹ́ǹtì. Ó ní kí n palẹ̀ yàrá Dádì mọ́ kí wọ́n tó wá ya fọ́tò. Mo kó aṣọ àti bàtà wọn, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n ya bàsíà yẹn níbi tó wà, pẹ̀lú omi inú rẹ̀.