Ẹ dákun, "ìyígbóná" kọ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ọ̀gá wa kọ lánàá pé ká máa pe ṣíṣírò ìgbóná láti òṣùwọ̀n Celsius sí òṣùwọ̀n Fahrenheit ní "ìyígbóná", àwọn kan sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, ọwọ́ tèmi ò gbé e. Kí gan-an la yí? Ara tó gbóná dé 37 ní Celsius náà ló dé 98.6 ní Fahrenheit, ìgbóná ò kúrò lójú kan, òṣùwọ̀n la pààrọ̀. Ká má tiẹ̀ sọ pé ìgbóná làwọn àgbà ń pe àìsàn olóde, ẹ lọ sọ níwájú ìyá mi àgbà pé ẹ̀ ń "yí ìgbóná", wọ́n á ní kẹ́ ẹ bọ́ síta.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn ló bí mi nínú jù. Wọ́n ní àdéhùn Párísì ti 2015 fẹ́ gbìyànjú kí "ìyígbóná ayé má kọjá 1.5 Celsius, ìyẹn 34.7 Fahrenheit". Háà! 2.7 ni o, torí iye tí ìgbóná ayé fi lé ti àtijọ́ ni 1.5 yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá yẹn ló ṣì wọ́n lọ́nà, ó da ibi tí ìgbóná dé pọ̀ mọ́ iye tó fi lé. Tó bá jẹ́ ibi tó dé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9, ẹ pín in sí 5, kẹ́ ẹ wá fi 32 lé e, torí òdo tí omi ti ń dì ní Celsius, 32 ni ní Fahrenheit. Iye tó fi lé ńkọ́? Ìlọ́po 9 ká pín in sí 5 ti tó, 32 ò débẹ̀ rárá. Ṣé Yorùbá tó ń ka mọ́kànlélógún ló yẹ kó ṣi "lé" lò?

Ẹni tó ní ká pè é ní "ìṣẹ́wọ̀n", torí a máa ń ṣẹ́ owó, èrò yẹn dùn, àmọ́ ìṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí nínú ẹ̀, aṣẹ́wó ni mo gbọ́ tẹ̀lé e. "Yí Celsius sí Fahrenheit" ti tó wa.

Ọ̀gá tún ní ọjọ́ pẹ́ táwọn ti ń kọ́ gírámà ní yunifásítì. A gbọ́, a dọ̀bálẹ̀, àmọ́ 34.7 ò mọ yunifásítì.

Kí dígírì wá máa jẹ́ "oyè" tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Láti 1967 ni kelvin, òṣùwọ̀n ìgbóná tàwọn onísáyẹ́ǹsì, ò ti gba dígírì mọ́, 300 kelvin lásán là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ oyè gidi ni Kelvin, William Thomson ni bàbá onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n yẹn ń jẹ́ kí wọ́n tó fi wọ́n jẹ Lord Kelvin ní 1892. Ṣé àwọn wá ni aláìlóyè?